Ẹ̀yin tí ẹ ń da ohùn orin pọ̀, ẹ má gé ahọ́n gángan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí ó ti ń ráhùn pé gángan inú orin òde òní kò sọ̀rọ̀ mọ́, pé ńṣe ni ó kàn ń dún gbì-gbì lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ó sì di ẹ̀bi náà ru àwọn ọ̀dọ́ onílù, ó ní wọn kò kọ́ iṣẹ́ dójú àmì. Mo bọ̀wọ̀ fún òǹkàwé náà, ìráhùn rẹ̀ sì tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá lẹ́bi kọ́ ni ó ṣẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ní sítúdíò ní Ìbàdàn, tí mo ń da ohùn pọ̀ fún àwọn olórin jùjú, fújì àti ti ìjọ Ọlọ́run, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni onílù ti lu ìlù rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí ìlù náà sì sọ̀rọ̀ ketekete níwájú máìkì, kí àwa tí a jókòó sídìí ẹ̀rọ tó gé e ní ahọ́n. Irinṣẹ́ tí a fi ń gé e ni EQ, ìyẹn equalizer. Èyí tí ó yẹ kí a mú dání níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní dynamic EQ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì bá wá, bí ẹ bá lè fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò sún mọ́ iṣẹ́ yìí. Ohùn jẹ́ afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n, iye ìgbà tí ó bá sì gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a ń fi Hertz kà, tí a ń kọ ní Hz. Etí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz, tí ó dà bí ìkùn ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé bá ń kọjá, títí dé nǹkan bí 20,000 Hz, tí ó tín-ín-rín gan-an ju igbe ẹ̀fọn lọ. Àwa tí a ti dàgbà kò gbọ́ dé òkè téńté yẹn mọ́. EQ ni ẹnjiníà ohùn fi ń mú apá kan nínú àwọn ìró wọ̀nyí lọ sókè tàbí wá sílẹ̀, láìfọwọ́ kan ìyókù. Ẹni tí ó bá ti yí bọ́tìnnì béèsì lórí rédíò mọ́tò rí ti lo EQ. Ìṣòro EQ lásán ni pé ibi tí a bá fi í sí náà ni yóò wà láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin. Bí mo bá yọ decibel mẹ́rin (decibel ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó), tí a ń kọ ní 4 dB, kúrò ní ibì kan nítorí pé ìró ibẹ̀ pọ̀ jù ní ìṣẹ́jú kejì orin, ìró náà yóò dín ní ìṣẹ́jú karùn-ún pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìlù tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ìlù tí ohùn rẹ̀ dúró sójú kan. Nínú ẹbí dùndún, gúdúgúdú ni ó ń fi ohùn kan ṣoṣo sọ tirẹ̀. Ìyáàlù, kẹríkẹrì, kànnàngó àti gángan ní awọ méjì tí okùn awọ so pọ̀ mọ́ra, bí onílù bá sì ti fún àwọn okùn náà, ohùn á gòkè, bí ó bá dẹ̀ wọ́n, ohùn á relẹ̀. Ohùn mẹ́ta tí èdè wa ní, tí wọ́n fi dò-rè-mí kọ́ wa nílé ìwé, ni onílù ń tẹ̀ lé. Mo ti fi ẹ̀rọ wọn ohùn gángan kan ní sítúdíò wa rí: ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí nǹkan bí 140 Hz, ti òkè sì súnmọ́ 280 Hz. Ìlù mìíràn yóò yàtọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ó ṣe tóbi sí àti bí awọ rẹ̀ ṣe le tó, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ìlù yìí ń gbé gan-an ni gìtá béèsì àti ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù kó ẹrù wọn sí. Kí ni ẹnjiníà tí ó ń kánjú máa ṣe? Yóò fi EQ lásán gbẹ́ kòtò sí ara gángan ní 140 Hz, kí béèsì lè ráyè jókòó. Béèsì á ráyè lóòótọ́. Orin náà á mọ́, á sì dùn létí ẹni tí kò gbọ́ ìlù.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, n kò ní fi pamọ́. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo da orin ìyìn kan pọ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin kan. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Àyàn látilẹ̀, ni ó lu gángan níbẹ̀. Láàárín orin náà, nígbà tí àwọn akọrin mí díẹ̀, ìlù sọ pé, "Kò sí ohun tí Ọlọ́run kò lè ṣe." Mo gbé iṣẹ́ náà fún wọn gbọ́, gbogbo ènìyàn ń mi orí, bàbá yìí nìkan ni ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí orin parí, ó ní, "Ọmọ mi, ìlù tèmi dà?" Mo ní, "Bàbá, òun náà ni ẹ gbọ́ yẹn." Ó ní, "Ó ń dún, n kò ní kò dún. Eyín rẹ̀ ló ti yọ." Ó ní kí n dá a padà sí ibi tí ìlù ti sọ̀rọ̀, ó sì ń fi ìka kan tábìlì níbi tí ọ̀rọ̀ ti já: "kò" àkọ́kọ́, "kò" kejì, àti "lè". Ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta péré ni ó wà nínú gbólóhùn náà, mo sì ti fi 5 dB rì wọ́n mọ́lẹ̀ sábẹ́ béèsì.

Ilé ni mo dé kí n tó ronú kan ohun tí ó burú níbẹ̀. Nínú èdè wa, "má" ń gbé ohùn òkè, ṣùgbọ́n "kò", tí í ṣe ọ̀rọ̀ ìyísódì tí a ń lò jùlọ, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó gbé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi EQ lásán gé ìsàlẹ̀ gángan, "kò" ni yóò kọ́kọ́ sọ nù nínú ọ̀rọ̀ ìlù, gbólóhùn tí ó sì pàdánù "kò" kì í ṣe gbólóhùn tí ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìlù tí ó bá ń kìlọ̀ pé ọ̀nà kan kò dára lè di ìlù tí ń ki ènìyàn sí ojú ọ̀nà náà. Ẹnjiníà tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ èyí, ṣùgbọ́n èmi gbọ́ Yorùbá, mo sì ṣe é.

Onímọ̀ kan lè já mi ní koro pé ìró kì í dá rìn, pé ìró ìyá máa ń ní àwọn ìró ọmọ tí ń tẹ̀ lé e lókè, àti pé ọpọlọ wa lè ti ara àwọn ọmọ mọ ìyá, kódà bí ìyá kò bá dún sókè. Òótọ́ ni. Ohun tí ó jẹ́ kí a máa rò pé a gbọ́ béèsì lórí fóònù nìyẹn, nígbà tí sípíkà kékeré inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lè gbé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ 200 Hz jáde. Ṣùgbọ́n nínú orin tí ó kún, ọwọ́ ọ̀tún oníkíbọ́ọ̀dù, gìtá àti ohùn àwọn akọrin ti jókòó lé àwọn ìró ọmọ náà lórí. A gé ìyá, a sì fi aṣọ bo àwọn ọmọ. Kí ni etí fẹ́ fi mọ̀ wọ́n?

Dynamic EQ jẹ́ EQ tí ó ní etí. A ó yan ibi tí a fẹ́ kí ó máa ṣọ́, a ó sì pa ààlà fún un. Níwọ̀n ìgbà tí ìró tí ó wà níbẹ̀ kò bá kọjá ààlà náà, kò ní ṣe ohunkóhun, orin yóò kọjá lára rẹ̀ bí omi tí ń kọjá lára òkúta. Bí ìró náà bá ré ààlà kọjá, yóò fà á wá sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí a ti fún un, yóò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ìró bá ti rọlẹ̀. A lè yí i sí òdìkejì pẹ̀lú, kí ó máa gbé ìró tí ó bá dákẹ́ jù sókè díẹ̀. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún compressor lásán o, nítorí pé compressor a máa fa gbogbo ohùn wálẹ̀ lápapọ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ apá kan, bí olùkọ́ tí ó na gbogbo kíláàsì nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí ó pariwo.

Ọgbọ́n tí ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé a lè fi dynamic EQ sí ara ohùn kan, kí a sì ní kí ó máa tẹ́tí sí ohùn mìíràn. Sidechain ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Ìyẹn ni mo fi ń tún ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe láti ọjọ́ tí bàbá onílù ti bá mi wí. N kì í fi ọwọ́ kan gángan mọ́. Ara gìtá béèsì àti kíbọ́ọ̀dù ni mo ń gbé dynamic EQ sí, ní ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ gángan wà, mo sì ń ní kí ó máa gbọ́ gángan. Nígbà tí gángan bá dákẹ́, béèsì á kún bó ṣe yẹ kí béèsì kún. Nígbà tí gángan bá sọ ohùn ìsàlẹ̀, béèsì á tẹrí ba ní nǹkan bí 3 dB ní ibẹ̀ yẹn nìkan, á sì gbé orí padà kí ẹnikẹ́ni tó fura. Bí a ṣe tọ́ wa nílé náà nìyẹn: bí àgbà bá lanu, ọmọdé á rẹ ohùn sílẹ̀, bí àgbà bá dákẹ́, ọmọdé á máa bá eré rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó lé ọmọdé jáde nílé, kò sì sí ẹni tí ó dí àgbà lẹ́nu.

Fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí yóò ka èyí, kí n sọ bí mo ṣe ń tò ó. Mo ń kọ́kọ́ wá ohùn ìsàlẹ̀ ìlù náà gan-an pẹ̀lú etí àti pẹ̀lú àwòrán ìró lójú kọ̀ǹpútà, nítorí pé 140 Hz tèmi lè jẹ́ 120 Hz tiyín. Mo ń jẹ́ kí ọ̀nà tí irinṣẹ́ náà ń ṣọ́ fẹ̀ díẹ̀, kí ó lè bá ìlù rìn bí onílù bá fa ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sí àárín, nítorí pé gángan kì í fò láti ohùn kan bọ́ sí èkejì bíi dùùrù, ó máa ń yọ́ lọ ni. Ní ti bí ó ṣe yẹ kí ó yára tó, ìgbì kan ní 140 Hz ń gba nǹkan bí ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó yí po. Bí a bá ní kí irinṣẹ́ náà máa dìde kí ó sì máa sùn yára ju ìyẹn lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìgbì fúnra rẹ̀, béèsì á sì máa ha bíi sípíkà tí ó ti ya. Mo ń fún un ní nǹkan bí ìdá 10 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá láti dìde, mo sì ń fún un ní ìdá 80 sí 120 láti sinmi, kí ìsinmi rẹ̀ lè bá ìrìn ìlù mu. Ẹ má fi ojú yan nọ́ńbà. Ẹ ti ojú yín dé, kí ẹ sì gbọ́ bóyá ẹ mọ ohun tí ìlù ń wí.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé irinṣẹ́ yìí kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Nígbà tí ó jẹ́ pé máìkì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, bí olúkúlùkù ṣe dúró sí máìkì náà ni wọ́n fi ń da ohùn pọ̀: ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù á sún sẹ́yìn, ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ á súnmọ́ iwájú. Ọgbọ́n yẹn kò tíì di ìgbàgbé. Bí oníkíbọ́ọ̀dù bá gbà láti gbé ọwọ́ òsì kúrò nígbà tí ìlù bá ń sọ̀rọ̀, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe, láìná kọ́bọ̀. Ẹ bá mi bẹ àwọn oníkíbọ́ọ̀dù ìjọ wa.

Ẹ jẹ́ kí n ya sí ọ̀dọ̀ àwọn olórin, nítorí pé àṣìṣe kan náà là ń ṣe sí ohùn wọn. Nígbà tí ẹnìkan bá kọrin súnmọ́ máìkì, "s" rẹ̀ máa ń gún etí, pàápàá láàárín 5,000 Hz sí 8,000 Hz. Ìdààmú àtijọ́ ni. Àwọn tí ń gé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ̀rù rẹ̀ gidigidi, nítorí pé abẹ́rẹ́ kì í lè gbé e láìha. De-esser ni wọ́n fi ń dá a lẹ́kun, ìbátan dynamic EQ sì ni, nítorí pé ìgbà tí "s" bá dé nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa máa ń fi EQ lásán gé gbogbo òkè ohùn olórin kúrò títí láé nítorí "s" mẹ́rin tí ó gún wọn létí. Ohun tí ó ń sọ nù níbẹ̀ kì í ṣe adùn nìkan. Èdè wa ní "s", ó sì tún ní "ṣ", ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò sì sí níbòmíràn ju òkè ohùn náà lọ, níbi tí "ṣ" ti ń jókòó sísàlẹ̀ "s" díẹ̀. Ẹni tí ó bá gé e jìnnà, "sán" àti "ṣán" á di ọ̀kan náà létí olùgbọ́. Àwa ará Ìbàdàn, tí a ti ń fi "s" pe "ṣ" láti ìbí, lè má ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ibòmíràn yóò pè wá lẹ́jọ́. Dynamic EQ tí a fi ààlà rẹ̀ sí ibi tí "s" ti le jù nìkan, tí a sì ní kí ó má ṣe fà ju 4 dB lọ, yóò fi "s" sílẹ̀ ní "s", á kàn bu abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ ni.

Ṣaworo tí ó yí ojú ìyáàlù ká náà wà lókè yẹn. Bí ìyáàlù bá wà nítòsí máìkì akọrin, ṣaworo á máa dún lé àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ó ní kí onílù tú ṣaworo ìlù rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gba orin sílẹ̀. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tí ó bá ní kí ìyàwó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kí ó tó wọlé mọ ohun tí ó ń wá. Ohùn akọrin ni kí a ní kí dynamic EQ ara ìyáàlù máa gbọ́, kí ṣaworo máa rẹlẹ̀ nígbà tí akọrin bá ń sọ̀rọ̀, kí ó sì máa tàn nígbà tí ó bá dákẹ́.

Mastering, ìyẹn iṣẹ́ àṣekẹ́yìn lórí orin tí a ti dà pọ̀ kí ó tó jáde, ni ó kù, ibẹ̀ ni irinṣẹ́ yìí sì ti gba èmi sílẹ̀ jùlọ. Ẹni tí ń ṣe mastering kì í rí gángan lọ́tọ̀, kì í rí béèsì lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n gbé wá fún un ni ọbẹ̀ tí ó ti jinná, tí iyọ̀ rẹ̀ ti wọlé. Wọn a gbé orin kan wá tí ẹsẹ rẹ̀ tutù, tí ohùn olórí akọrin dùn bí oyin, ṣùgbọ́n tí àwọn elégbè bá ti dé, tí fèrè àti kíbọ́ọ̀dù dà lé e, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gún etí ní agbègbè 3,000 Hz. Kò yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ni ó ti ń gún wa. Láti 1933, nígbà tí Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí bí etí ṣe ń gbọ́ ìró, ni a ti mọ̀ pé etí kì í gbọ́ gbogbo ìró bákan náà, pé láàárín 2,000 sí 5,000 Hz ni ó ti mú jùlọ, àti pé béèsì máa ń sọnù létí wa nígbà tí a bá rẹ orin sílẹ̀. Bí mo bá fi EQ lásán yọ 2 dB ní 3,000 Hz, elégbè á rọ̀, ṣùgbọ́n olórí akọrin á dà bí ẹni tí ó ń kọrin láti abẹ́ ìbora nínú gbogbo ẹsẹ tí kò ti ṣẹ̀ mí. Pẹ̀lú dynamic EQ, ẹsẹ yóò wà bí ó ṣe wà. Ìgbà tí elégbè bá dé ni irinṣẹ́ náà yóò dìde, á sì fi ọwọ́ tútù mú 2 dB yẹn.

Irinṣẹ́ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, multiband compressor ni orúkọ rẹ̀. Òun máa ń gé orin sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a sì tún un so pọ̀ lẹ́yìn náà, gígé àti síso yẹn fúnra rẹ̀ sì lè fi àpá sí ara orin kódà nígbà tí kò sí ohun tí ó ń fà wálẹ̀. Ó ní ibi tí ó ti wúlò. Lórí orin tí wọ́n ti dà pọ̀ dáadáa, tí àléébù kékeré kan ṣoṣo sì wà lára rẹ̀, lílo ó dà bí kí a fi àdá gé èékánná.

Ọ̀rọ̀ ariwo náà wà níbẹ̀ o. Àwọn oníbàárà mi ṣì ń bẹ̀ mí pé kí orin àwọn dún ju ti ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Mo ń ṣàlàyé fún wọn pé Spotify máa ń rẹ orin tí ó bá le jù sílẹ̀ sí nǹkan bí -14 LUFS, bí a ṣe ń ka ìwọ̀n ariwo orin láyé ìsinsìnyí, nítorí náà ìjà tí wọ́n ń jà, wọ́n ti pín in dọ́gba kí wọ́n tó dé. Ohun tí ó sábà máa ń fa orin wálẹ̀ nínú mastering ni kick (ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù) tàbí béèsì tí ó bá bú gbàmù ní agbègbè 60 Hz lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí limiter, ìyẹn irinṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ààlà tí a fi lé e, á sì torí rẹ̀ tẹ gbogbo orin, ohùn akọrin, gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mọ́lẹ̀ pọ̀. Bí dynamic EQ bá ti dá a lẹ́kun ní 60 Hz nígbà tí ó bá bú, limiter á sinmi, orin náà á sì dún sókè láìpariwo.

Ẹnìkan lè ní owó irinṣẹ́ wọ̀nyí ni kò sí. Nígbà kan, ẹ̀rọ onírin tí a ń gbé sínú àpótí ni dynamic EQ, irú DPR-901 tí BSS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, àwọn tí ń bá ẹgbẹ́ olórin ńláńlá rìn ni ó sì wà lọ́wọ́ wọn. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni ó wà. Ilé iṣẹ́ FabFilter ti Amsterdam fi í sínú Pro-Q 3 wọn ní 2018, owó gidi ni wọ́n sì ń ta Pro-Q, ṣùgbọ́n TDR Nova wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun sì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Owó kọ́ ni ó ń dí wa lọ́wọ́.

Ìlòkulò rẹ̀ ń bà mí nínú jẹ́ náà. Pro-Q gba ibi 24 láti fi ọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọdé kan sì gbé iṣẹ́ wá fún mi tí ó lo gbogbo rẹ̀, tí gbogbo wọn ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹja nínú àwọ̀n. Ó ní òun rí i lórí fídíò pé bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo pa gbogbo rẹ̀, orin náà sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn ènìyàn ní àgbéga àti ìrẹ̀sílẹ̀ tirẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀ fún ìdí. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ tẹ́jú gbogbo rẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún olórin láti sọ. Èmi kì í sábà kọjá ibi méjì tàbí mẹ́ta lórí ohùn kan, ní ti mastering, ẹyọ kan máa ń tó mi.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe orin jáde, Olóòtú, kò ju kí wọ́n má ṣe gbé orin tí gángan ti sọ̀rọ̀ síta láìjẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ ìlù jókòó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, lórí sípíkà ńlá àti lórí fóònù, ní ohùn òkè àti ní ohùn rẹlẹ̀. Kì í ṣe onílù tí ó lù ú, nítorí pé òun ti mọ ohun tí ó wí, yóò sì gbọ́ ọ kódà bí kò sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn ni. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Kí ni ìlù sọ?" Bí ó bá sọ ọ́ láìsí àṣìṣe, iṣẹ́ ti parí. Bí ó bá ń ronú, ẹ padà sí ìdí ẹ̀rọ.

Ní ti òǹkàwé tí ó kọ lẹ́tà yẹn, kí ó jọ̀wọ́ fi orúkọ orin tí ó bí i nínú ránṣẹ́ sí yín. Bí ẹni tí ó ni orin náà bá gbà, tí àwọn ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rẹ̀ sì ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, èmi yóò tún un dà pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì fi ti àtijọ́ àti ti tuntun síwájú rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sọ bóyá ọmọ onílù yẹn ni ó jẹ̀bi tàbí àwa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.